Ariwo Òru àti Ilẹ̀ Tí Ó Ń Wọ́n: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Àwọn Ọmọ Òkè-Aro Sọ ní Ìpàdé Ọdọọdún

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ni ó ní kí á sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó ń jà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ìlú, èyíinì ni ọ̀rọ̀ àwọn ilé ijó alẹ́ tí àwọn kan fẹ́ kí á tì pa, àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa tí ó ń wọ́n sí i lójoojúmọ́. Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ méjì ni. Nígbà tí a bá sọ ọ́ tán, ẹ óò rí i pé ọ̀kan ṣoṣo ni.

ÌWÉ MÉJÌ

Láàárín ọdún tí ó kọjá, ìwé méjì ni ó dé iwájú ẹgbẹ́ wa. Èkínní wá láti ọ̀dọ̀ àwọn onílé àti àwọn ayálégbé àdúgbò kan. Wọ́n ní ariwo ilé ọtí àti ilé ijó kò jẹ́ kí àwọn sùn. Wọ́n ní aláìsàn ń bẹ nílé, ọmọ ilé ìwé ń bẹ nílé, òṣìṣẹ́ tí yóò jí ní agogo mẹ́rin òwúrọ̀ láti wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó sì ń bẹ nílé. Wọ́n bẹ ẹgbẹ́ pé kí ó bá àwọn sọ fún ìjọba kí wọ́n ti gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀ pa pátápátá.

Ìwé kejì wá láti ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ onílù àti olórin. Wọ́n ní onílé tí àwọn ń yá àgbàlá rẹ̀ ti fún àwọn ní ìwé pé kí wọ́n kó jáde, nítorí pé ẹnì kan láti Èkó fẹ́ ra ilẹ̀ náà kí ó fi kọ́ ilé alájà tí yóò fi yá àwọn olówó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ìlù láti kékeré, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ohun èlò wọn sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ará ìlú ti ń wá wọn bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìsìnkú, ìkómọ tàbí ìgbéyàwó. Wọ́n bi wá léèrè pé níbo ni àwọn yóò lọ.

A kò ní parọ́ fún yín. Nínú àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí, ó tó mẹ́ta tí ó ti fi ọwọ́ sí ìwé àkọ́kọ́ kí ìwé kejì tó dé. Àgbà ni wá, oorun kò fi bẹ́ẹ̀ gun ojú wa mọ́, bí ìlù bá sì ti jí ẹni ní agogo méjì òru, ó di òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a rí i pé bí a bá ṣe ohun tí ìwé èkínní ń fẹ́ láìronú, àwa fúnra wa ni a óò bá ẹni tí ó ń ra ilẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí. Nítorí náà ni a ṣe lọ ṣe ìwádìí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn. Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

OHUN TÍ OJÚ ÈKÓ RÍ

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, nítorí pé ohun tí ó bá ojú, ó bá imú. Àrùn eku tí ó jà ní Èkó ní 1924 sí ẹ̀yìn ni ó mú kí ìjọba òyìnbó dá ìgbìmọ̀ LEDB sílẹ̀ ní 1928 fún àtúnṣe ìlú náà. Ní 1955, nígbà tí òmìnira ń súnmọ́lé tí àwọn aláṣẹ sì ń fẹ́ kí olú ìlú wọn dára lójú àlejò, ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó, lórí ilẹ̀ tí ó tó éékà 70. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn tí ilé wọn wó lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun ni wọ́n fún wọn, omi ẹ̀rọ ń bẹ, ojú ọ̀nà gbòòrò. Ṣùgbọ́n Peter Marris, òyìnbó kan tí ó ṣe ìwádìí láàárín wọn tí ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1961, rí i pé ẹbí ti túká, pé ìyá àgbà kò rí ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́ mọ́, àti pé oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó ní oníbàárà ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò rí ẹni tà fún ní ibùgbé tuntun. Ilé dára, ṣùgbọ́n ọjà kò sí, ojúlùmọ̀ kò sí.

Sùúrùlérè àti àwọn àdúgbò tí ó yí i ká padà di ibi orin àti ijó. Ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú ni Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú, ti dá ilé ijó Caban Bamboo sílẹ̀, èyí tí ó sọ di Hotel Bobby nígbà tí ó yá. Ní Sùúrùlérè ni Victor Olaiya, tí ó kú ní oṣù kejì 2020, ní Stadium Hotel tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tí ó di gbajúmọ̀ nínú orin ni ó kọ́kọ́ fọn fèrè tàbí lu ìlù lábẹ́ irú àwọn baba bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe àkíyèsí pé àwọn méjèèjì yìí ní ilé tiwọn. Ẹni tí ó bá ń yá ilé ni ìjì tètè ń gbé.

Ẹ tún wo ti Fẹlá, ọmọ Abẹ́òkúta, tí í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ wa. Ní Ìdí-Orò ni Afrika Shrine àkọ́kọ́ wà, nínú Empire Hotel. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé rẹ̀ tí ó wà nítòsí, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1978. Fẹlá kó Shrine lọ sí òpópónà Pepple ní Ìkẹjà, níbẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 1997. Shrine ti Pepple kò sí mọ́ lónìí. Fẹ́mi àti Yẹni, àwọn ọmọ rẹ̀, ni wọ́n kọ́ New Afrika Shrine sí Agídíngbì ní 2000. Ní oṣù karùn-ún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ náà pa lórí ẹ̀sùn ariwo àti ìdíwọ́ ojú ọ̀nà, kí wọ́n tó tún ṣí i. Ní oṣù keje 2018, ààrẹ ilẹ̀ Faransé, Emmanuel Macron, bẹ ibẹ̀ wò. Ibi tí ìjọba tì pa ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n wá fi ń ṣe àlejò ọba òyìnbó. A kò sọ pé gbogbo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni ó dára fún ọmọ wa; ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá yára ti ilẹ̀kùn pa lè máà mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tí ó sì dun àwọn oníṣẹ́ ọnà jù ni ti Abúlé Àwọn Oníṣẹ́ Ọnà ní Igànmú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn eré ìjọba. Níbẹ̀ ni àwọn ayàwòrán, agbẹ́gilére, oníjó àti eléré orí ìtàgé ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ní ibùjókòó kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ́ Igi, níbi tí àgbà òṣèré àti ọmọ iṣẹ́ ti ń mu, tí wọ́n ti ń jẹ, tí wọ́n sì ti ń dá ètò eré sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 2016 ni katakata dé tí ó wó ilé wọn. Wọlé Sóyínká lọ síbẹ̀ láti wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún gbọ̀ngàn náà ṣe pẹ̀lú owó gọbọi, wọ́n sì fi orúkọ Sóyínká kan náà pè é ní 2024. Gbọ̀ngàn ńlá náà dára púpọ̀, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ń gbẹ́ ère lábẹ́ igi ńkọ́?

Nípa ti Màrókó, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Ẹ̀yin àgbà rántí oṣù keje 1990. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni wọ́n lé kúrò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ lọ wo ẹni tí ń gbé lórí ilẹ̀ náà lónìí, kí ẹ sì bèèrè iye tí wọ́n ń gba fún ilé yíyá níbẹ̀.

BÍ Ó ṢE MÁA Ń RÍ

Nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí, ọ̀nà méjì ni a rí tí ibi orin fi ń parun. Ọ̀nà kan ni ti katakata, tí gbogbo ayé ń rí. Ọ̀nà kejì kò láriwo, òun ni ó sì ń bọ̀ wá bá wa. Àwọn olórin àti oníṣẹ́ ọnà kì í ní owó púpọ̀. Nítorí náà, ibi tí owó ilé kò bá tíì ga ni wọ́n ń lọ. Bí wọ́n bá ti débẹ̀, ìlù á bẹ̀rẹ̀. Bí ìlù bá bẹ̀rẹ̀, èrò á wá; bí èrò bá wá, alákàrà, onísúyà, ọlọ́bẹ̀ ata, ọlọ́kadà àti aránṣọ aṣọ ẹbí á rí iṣẹ́. Òkìkí àdúgbò á kàn. Nígbà náà ni olówó á sọ pé, ‘Ibí yìí dùn ún gbé.’ Yóò ra ilẹ̀, yóò kọ́ ilé, yóò sùn síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, yóò sì dìde lọ́jọ́ kejì láti kọ ìwé pé ìlù ń dí òun lọ́wọ́. Ohun tí ó fà á wá gan-an ni ó ń fẹ́ lé lọ. Onílé àtijọ́ á rí i pé owó tí òun ń gbà lọ́wọ́ onílù kò tó nǹkan mọ́, yóò sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, onílù á sì kó ẹrù rẹ̀. Ẹni tí ó gbin igi kọ́ ni ó ń jẹ èso rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀n, ẹ lè jẹ́rìí sí èyí jù wá lọ. Ní Peckham tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, tí a ti ń ra ẹ̀fọ́, iṣu àti àṣọ òkè bí ẹni pé a wà lọ́jà Agége, owó ilé ti fò sókè. Ní Elephant and Castle, wọ́n ti ilé ìtajà ńlá náà pa ní oṣù kẹsàn-án 2020, wọ́n sì wó o. Ìgbìmọ̀ tí olórí ìlú Lọ́ńdọ̀n yàn sọ ní 2015 pé láàárín 2007 sí ìgbà náà, nínú gbogbo ilé orin kékeré tí ó wà nínú ìlú náà, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ti parẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé ijó Fabric, tí ó ti wà láti 1999, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ méjì kú nítorí oògùn olóró. Ní oṣù kìíní 2017 ni ó tún ṣí, lẹ́yìn tí ó gba òfin tuntun lórí ara rẹ̀ nípa ẹni tí yóò wọlé àti bí wọn yóò ṣe máa yẹ ara wọn wò.

TA NI Ó KỌ́KỌ́ DÉ?

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀n kan náà ni a ti rí ọgbọ́n tí ó wúlò fún wa. Ilé ijó Ministry of Sound ti wà ní Elephant and Castle láti 1991. Nígbà tí àwọn oníṣòwò fẹ́ kọ́ ilé gbígbé gíga sí iwájú rẹ̀, àwọn onílé ijó pariwo pé bí àwọn ayálégbé tuntun bá dé, wọn yóò fi ẹjọ́ ariwo tì wọ́n pa. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà fún ọdún púpọ̀. Níkẹyìn, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé ẹni tí ó bá wá gbé inú ilé tuntun náà gbà pé ilé ijó ti wà níbẹ̀ ṣáájú òun, kò sì ní fi ẹjọ́ ariwo tí ó bá níbẹ̀ sùn; oníṣòwò náà sì ní láti kọ́ ilé rẹ̀ kí ariwo má lè wọlé. Láti 2018 ni irú ìlànà yìí ti wọ inú ìlànà ìkọ́lé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé ẹni tí ó mú ìyípadà dé ni yóò ru ẹrù ìyípadà. Ní Jámánì pẹ̀lú, ní oṣù karùn-ún 2021, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn pinnu pé kí á ka ilé ijó tí ń gbé orin lárugẹ mọ́ ilé àṣà, kí á má kà á mọ́ ilé aṣẹ́wó àti ilé tẹ́tẹ́.

Bí ó bá dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé wa. Oko ẹlẹ́dẹ̀ tí ó wà ní Òkè-Aro yìí, tí ó gba òkìkí káàkiri ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ìgbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ìgbẹ́ ni àwọn ọlọ́sìn dé síbẹ̀. Ilé ni ó wá bá wọn. Nígbà tí ẹni tí ó ra ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko bá wá di imú mú, kí ni àwa ọmọ ìlú máa ń sọ? A máa ń sọ pé, ‘Nígbà tí o ń ra ilẹ̀, ṣé imú rẹ kò sí lójú ni?’ A sì tún máa ń sọ fún ọlọ́sìn pé kí ó máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ dànù ní ọ̀nà tí ó tọ́, kí ó má dà á sí odò. Ẹjọ́ tí a dá fún ẹlẹ́dẹ̀ yìí, ṣé a kò lè dá a fún ìlù?

ARIWO NÁÀ JẸ́ ÒTÍTỌ́

Ẹ má ṣe rò pé àwa ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ariwo òru kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Oorun ni oúnjẹ ara. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Ó sì wà lára àwọn ilé ọtí wa tí kò ní orin tàbí ẹ̀kọ́ kankan nínú. Igbó, oògùn olóró àti ìjà ni ó kún ibẹ̀. Irú èyí, bí ọlọ́pàá bá tì í pa, ẹgbẹ́ wa kò ní bá a sunkún.

Ṣùgbọ́n kí á jẹ́ olódodo. Ẹni tí ó kọ̀wé nítorí ilé ijó, ṣé ó kọ̀wé nítorí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ń ké láti ilé àdúrà mọ́jú? Ṣé ó kọ̀wé nítorí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò rẹ̀? Òfin tí ó bá mú ẹnì kan tí ó fi ẹnì kejì sílẹ̀ kì í ṣe òfin, ìjà ni. Ariwo, láti ibi yòówù kí ó ti wá, ìwọ̀n kan náà ni kí á fi wọ̀n ọ́n.

Ohun tí ń la ògiri kọjá jù ni ìró ìsàlẹ̀, ìró bí ti gúdúgbú tí àyà ènìyàn ń gbọ́ kí etí rẹ̀ tó gbọ́. Ìró òkè kì í rìn jìnnà. Nítorí náà, bí a bá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kúrò lórí ilẹ̀, tí a kọjú rẹ̀ sí inú àgbàlá dípò òpópónà, tí a dín ìró ìsàlẹ̀ kù lẹ́yìn agogo mẹ́wàá alẹ́, tí a mọ ògiri tí ó nípọn, tí a sì fi àjà bo òrùlé páànù, ìdajì ẹjọ́ ti parí. Iye tí yóò ná wa kò tó iye tí ẹjọ́ ilé ẹjọ́ yóò gbà.

Ẹ sì má gbàgbé pé láti inú ilé ọtí ni ohun rere ti jáde rí. Ní Òṣogbo, Dúró Ládipọ̀ ní ilé ọtí kan. Ní 1962 ni ó sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Mbari Mbayo. Láàárín ọdún méjì, eré tí ó dá sílẹ̀ níbẹ̀, Ọba Kò So, ti dé Berlin. Bí àwọn ará àdúgbò bá ti ní kí wọ́n ti ilé ọtí náà pa, ta ni yóò mọ ohun tí wọn ìbá pàdánù?

TI ÒKÈ-ARO

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà wálé. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi di kánkán ni ọkọ̀ ojú irin. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì 2024, wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Red Line, láti Àgbàdo dé Òyìngbò. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún náà ni ó sì ti ń gbé èrò. Àgbàdo kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tí kò fẹ́ san owó ilé Èkó mọ́, ibo ni yóò wò? Ìhà ọ̀dọ̀ wa ni, bí àwọn tí ń bẹ ní ọ̀nà Ìbàdàn ti ń wo Mowé àti Ibafọ. Inú wa dùn sí ọkọ̀ náà, a sì ń gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Àlejò ni púpọ̀ nínú wa tàbí baba wa jẹ́ rí. Ṣùgbọ́n àwọn tí Èkó ti lé títí tí wọ́n fi dé Ifọ̀, bí Ifọ̀ bá tún lé wọn, ibo ni wọn yóò tún lọ?

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, gómìnà ni ó di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún gbogbo ènìyàn. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ànfààní gbogbo ènìyàn, ohun tí ó wà lórí ilẹ̀, bí ilé àti irúgbìn, ni wọ́n ń sanwó fún, kì í ṣe ojú ọjà tí ilẹ̀ náà ì bá tà. Àgbàlá tí kò ní ilé tí ó ní láárí, tí kò ní ìwé, tí ó jẹ́ pé ìlù àti àga oníke nìkan ni ó wà lórí rẹ̀, owó wo ni wọn yóò san lé e? Ibi tí ó ṣe iyebíye jù fún wa ni òfin lè kà sí òfìfo.

OHUN TÍ A Ń BÈÈRÈ

Nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìpàdé, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ìgbìmọ̀ fẹnu kò sí, tí a sì gbé wá síwájú yín fún ìfọwọ́sí.

Èkínní, a kò ní kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n ti gbogbo ilé ijó pa. A óò pe onílé ijó, àwọn àlùfáà, àwọn imáàmù àti àwọn ará àdúgbò jókòó, kí á sì fi ohùn kan dá àkókò ariwo fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá rú àdéhùn ni a óò fi sùn, láìka orúkọ rẹ̀ sí.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ kọ orúkọ gbogbo ibi tí a ti ń lu ìlù, tí a ti ń ṣe eré, tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà nínú ìlú yìí sílẹ̀, pẹ̀lú ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ohun tí a kò bá kọ, a kò lè jà fún un.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ tàbí kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ irú ibi bẹ́ẹ̀, kí onílẹ̀ sọ fún un lójú ẹlẹ́rìí pé ìlù ń bẹ níbẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ọ̀dọ́ onílù, ẹ dẹ́kun fífi ẹnu lásán yá àgbàlá. Ẹ gba ìwé, ẹ gba rìsíìtì, ẹ fi lọ́ọ́yà sí i, kí ẹ sì kọ iye oṣù tí onílé yóò fi ṣe ìkìlọ̀ fún yín sínú rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni ó tóbi jù. Ẹgbẹ́ fẹ́ ra ilẹ̀ kan, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó gba ìwé rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní orúkọ ìlú, kí á sì kọ́ gbọ̀ngàn ológiri nípọn sí i, tí onílù yóò máa yá ní owó tí apá rẹ̀ ká, tí ẹlẹ́kọ̀ọ́ yóò máa lò ní ọ̀sán. Ní Èkó, wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ti Broad Street di ọgbà ìgbafẹ́ àti orin, Freedom Park, ní 2010. Bí ẹ̀wọ̀n bá lè di ibi ijó, ilẹ̀ òfìfo wa kò lè ṣàìdi gbọ̀ngàn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ̀yin ni a ń wò fún èyí. Púpọ̀ nínú yín ń ra ilẹ̀ nílé láti fi pamọ́, kí ó lè wọ́n. Ọmọ yín ni yóò jẹ ẹ́, a kò bínú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé owó tí ẹ fi ń ra ilẹ̀ wà lára ohun tí ń gbé iye rẹ̀ ga fún àbúrò yín tí kò kúrò nílé. Bí ẹ bá ra ilẹ̀ mẹ́ta, ẹ bá wa dá sí ti ìlú. Àjò kò lè dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá délé ní Kérésìmesì tàbí Iléyá, ṣé ẹ kò fẹ́ kí ìlù pàdé yín?

Ní ti àwọn ọ̀dọ́ tí ó kọ ìwé kejì, oṣù mẹ́ta ni ìwé onílé fún wọn. A ti rán ènìyàn sí onílé náà, ọmọ ìlú ni, ó sì ní òun yóò dúró títí ìpàdé yìí yóò fi parí kí òun tó gba owó ẹni Èkó. Ó tún sọ pé bí ìlú bá lè mú iye kan náà wá, ìlú ni òun yóò tà á fún. Nítorí náà, ilẹ̀ tí a ń sọ yìí kì í ṣe àlá. Ó ní iye, ó sì ní ọjọ́.

A kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Akápò ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Àwa mẹ́ta tí a fọwọ́ sí ìwé èkínní ni a óò kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé a ti ronú pìwà dà. Òkè-Aro yóò gbé wa o.